Òwúrọ̀ Ọyẹ́ Ni Kọ̀ǹpútà Mi Máa Ń Dákú

Bí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín ń dákú, kí ẹ tó sọ ọ́ dé ìdajì, ó ti ní ooru ni. Ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Arákàlé sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ta káàdì fídíò inú rẹ̀ fún mi sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi, tí kò mọ̀ ju kó fi fóònù gbá bọ́ọ̀lù lọ, òun náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ooru ni, ẹ ra fáànù." Mo ra fáànù. Ńṣe ló dà bí ẹni pé mo ra ọtí fún ọ̀mùtí: ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà tún wá le sí i.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé fídíò. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìwúyè, ẹnikẹ́ni tó bá ti gba káńfáàsì tó sì pe onílù, ó ṣeé ṣe kí fídíò rẹ̀ gba yàrá mi kọjá ní Ọ̀bà-Ilé. Ayẹyẹ wákàtí márùn-ún, kámẹ́rà mẹ́ta, kí wọ́n sì ní kí n sọ ọ́ di wákàtí kan àbọ̀ tí gbogbo ẹbí yóò ti rí ojú ara wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní graphics card (káàdì inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán àti fídíò) tó gbó ṣáṣá. Tèmi ni GTX 1060 oní 6GB, irú èyí tí ilé iṣẹ́ NVIDIA kọ́kọ́ gbé jáde lóṣù Keje ọdún 2016. Àlòkù ni. Àpátapìtì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA pọ̀ sí, ni mo ti rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. N kò ní í kọ iye tí mo san síbí, torí pé ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ.

Mo bi ọmọ náà bóyá wọ́n ti fi káàdì yìí wa Ethereum rí, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń fi káàdì wà jáde bí ẹni ń wa kùsà. Ọ̀pọ̀ àlòkù tó wà níta ló ti ṣe iṣẹ́ ẹrú yẹn, tọ̀sán tòru, títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 tí Ethereum pa ọ̀nà wíwà náà tì, tí àwọn tó kó káàdì jọ rẹpẹtẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ wọn. Ó búra pé rárá. Mo gbà á gbọ́ bí ẹni tó ti san owó tán ṣe máa ń gbàgbọ́.

Iyára tí NVIDIA kọ mọ́ káàdì yìí ni 1506 MHz (MHz kan jẹ́ ìlù mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan), pé ó lè gbéra sókè dé 1708 bí iṣẹ́ bá dé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n kọ kì í ṣe òpin rẹ̀. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GPU Boost: bí káàdì bá rí i pé ara òun tutù, tí iná sì tó, á máa fúnra rẹ̀ sáré kọjá ibẹ̀. Tèmi máa ń dé nǹkan bíi 1920 láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo ṣí MSI Afterburner, ètò tí wọ́n fi ń yí iyára káàdì padà, mo fi 150 kún iyára káàdì, mo fi 400 kún ti mẹ́mórì, mo sì ti ìwọ̀n iná tó lè jẹ sókè dé ibi tó lè dé. Overclock ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Kì í ṣe fàájì ló gbé mi débẹ̀ o. Iná lè dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ kó lọ ní mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìṣẹ́jú kan tí mo bá rí gé kúrò nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, epo jẹnẹrétọ̀ ni mo gé kúrò. Fídíò tí mo fi ń dán káàdì wò ń gba ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ó tó jáde. Lẹ́yìn tí mo gbé iyára sókè, ó di 12 àti 52. Mo bọ́ síta lọ́jọ́ náà, mo sì kí gbogbo ènìyàn lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú káàdì bí mo ṣe rí i. Nílé wa, bí ọdún bá dé, obìnrin mẹ́ta ló máa ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Ọmọ odó kan ń gòkè, ọ̀kan ń bọ̀ nílẹ̀, ọ̀kan ti wà nínú odó. Ẹnì kankan kì í pàṣẹ fún ẹnì kejì, ìró odó ló ń darí wọn. Bí ìró náà bá yá díẹ̀ sí i, iyán á tètè kúnná. Bó bá yá jù, ọmọ odó ẹnìkan kò ní í tíì kúrò níbẹ̀ tí ti ẹlòmíì yóò fi balẹ̀. Igi á kọlu igi, iyán á fò sórí ilẹ̀, àwọn ọmọdé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìró odó yẹn ni clock. Agbára apá ni voltage, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ. Nínú káàdì, iná gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó ń lọ kó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ìlù tó kàn tó dún. Bí kò bá tíì dé, ìṣirò á di irọ́, káàdì á sì ṣìnà. Èmi wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń pàtẹ́wọ́ fún wọn pé kí wọ́n yára sí i, láìfi òkèlè kan kún oúnjẹ wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé.

Àárọ̀ Sátidé kan lóṣù Kejìlá ni. Aago márùn-ún ti kọjá, iná wà, mo sì ní ìgbéyàwó kan tí mọ́mì ìyàwó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lé lórí. ("Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mi bímọ tán kí ẹ tó gbé fídíò rẹ̀ wá ni?") Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí DaVinci Resolve tí mo fi ń gé fídíò, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ó sé pa fún bí ìgbà tí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì, ó là padà. Iṣẹ́ mi ti lọ.

Mo lọ wo Event Viewer, níbi tí Windows máa ń kọ ẹjọ́ ara rẹ̀ sí. Nọ́ńbà 4101 ló wà níbẹ̀: dráífà, ìyẹn ètò tó ń bá Windows àti káàdì túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ara wọn, dákẹ́, a ti jí i padà. TDR ni wọ́n ń pe ètò náà, ó sì ti wà láti ìgbà Windows Vista. Windows á gbé iṣẹ́ fún káàdì, á máa retí èsì. Bí ìṣẹ́jú àáyá méjì bá kọjá tí káàdì kò fọhùn, á gbà pé ó ti dákú, á da omi sí i lójú, á tún dráífà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò kú. Ètò tó ń lo káàdì lọ́wọ́ nìkan ló bá a lọ.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kí n lọ sínú registry, ibi tí Windows ń kó ìlànà ara rẹ̀ sí, kí n fi TdrDelay, iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń retí káàdì, sí 10, kí Windows lè ní sùúrù. Mo ṣe é. Ohun tí mo rí gbà ni pé dípò kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó há gbagidi fún mẹ́wàá kó tó ṣókùnkùn. Mo kàn jókòó ti aláìsàn pẹ́ sí i ni. Màámi, tó wá kí wa lọ́sẹ̀ yẹn, ní kí n fi òróró àdúrà kan ara rẹ̀. Mo ní, "Màámi, iná ló ń jẹ, kì í jẹ òróró." Wọ́n ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣeré.

Mo gbé e lọ sí Arákàlé. Ọ̀gá náà tú káàdì, ó ha thermal paste àtijọ́ (ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lára káàdì) tó ti gan bí ẹ̀kọ àná, ó fi tuntun sí i, ó gbọn eruku ọyẹ́ kúrò, ó sì ní kí n máa ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Iṣẹ́ gidi ló ṣe, n kò lè bú u. Mo délé, mo gbé fáànù tuntun kọjú sí i. Ooru káàdì tó máa ń wà ní dígírì 78 lẹ́nu iṣẹ́ wálẹ̀ sí 66. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dákú lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mu ògì tán.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe rí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ooru ni àjẹ́ tó ń ké ní gbogbo ilé kọ̀ǹpútà, ta ni yóò tún wá ẹlòmíì lọ? Mo tilẹ̀ ní ẹ̀rí tó ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, mo tan FurMark, ètò tí wọ́n fi ń fún káàdì ní iṣẹ́ tó le jù lọ, mo sì fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Káàdì gbóná dé 81. Kò dákú. Mo wá sọ fún ara mi pé bí kò bá kú nínú èyí, kò sí ohun tí yóò pa á. Dráífà ni yóò jẹ́. Mo fi DDU, ètò tí wọ́n fi ń nu dráífà nù, yọ dráífà kúrò tìdítìdí, mo fi òmíràn sí i, lẹ́yìn náà mo tún yọ ìyẹn náà fi ti àtijọ́ sí i. Data tí mo jẹ tán lórí ìyẹn nìkan tó ra ìdajì àpò gàrí.

Ohun tí mi ò wò lọ́jọ́ FurMark yẹn ni nọ́ńbà iyára. Ooru nìkan ni mo tẹjú mọ́. Ìgbà tí mo tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo rí i pé FurMark ń jẹ iná débi pé káàdì fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn kí ó má bàa kọjá ìwọ̀n iná rẹ̀. Nǹkan bíi 1760 ló ń sá. Mo mú eléré ìje lọ gbé àpò sìmẹ́ǹtì, ó gbé e, mo wá ní ó ti yege nínú eré sísá.

Àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú, èmi sì ti ń da méjèèjì pọ̀. Nítorí pé láàárín gbogbo èyí, ìgbà mìíràn wà tí kọ̀ǹpútà kì í dákú rárá. Ńṣe ló máa ń kú. Pàù, gbogbo rẹ̀ á parẹ́, fáànù á dákẹ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, ohun tí Event Viewer máa ń kọ ni Kernel-Power 41, èyí tí kò ju pé kọ̀ǹpútà kò dágbére kó tó lọ. Kò sọ ẹni tó pa á.

Mo ra ìwé ọmọ ilé ìwé olójú ewé ọgọ́ta. Gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀, mo kọ aago, mo kọ bóyá ó dákú tàbí ó kú, mo kọ iná tí mò ń lò, ohun tí mò ń ṣe, ooru káàdì, iyára rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, Afterburner ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi kọ ọ́.

Ikú ni mo kọ́kọ́ rí ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó wúwo. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbóòórùn ike tó jó. Káàdì mi ní ihò wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, èyí tó lè gba 75 wáàtì. Power supply mi, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ta káàdì fún mi sì ti fi àsopọ̀ kan ta mí lọ́rẹ, èyí tó ń gba iná láti orí wáyà SATA, wáyà tí wọ́n ṣe fún hard disk. Wáyà SATA kan kò gbọ́dọ̀ gbé ju 54 wáàtì lọ lórí fólítì 12. Èmi tún wá ti ìwọ̀n iná káàdì sókè lé e lórí. Ẹnu àsopọ̀ náà ti pọ́n bí ẹ̀gbẹ́ dòdò. Nítorí náà ooru wà lóòótọ́, kò kàn sí níbi tí gbogbo wa ń wò ni. Mo ra power supply tó ní wáyà tirẹ̀, ikú dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ní irú àsopọ̀ yẹn nílé, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Dídákú kò dáwọ́ dúró.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dákú. Mẹ́sàn-án jẹ́ láàárín aago márùn-ún sí méje àárọ̀, méjì jẹ́ lóru jìn. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀sán. Mo kọ́kọ́ rò pé iná àárọ̀ ni kò dára. Mo lọ yá mítà láti fi wò ó, iná àárọ̀ ló dára jù. Ìgbà tí mo wá wo ìlà ooru ni orí mi wú. Nígbà tó bá dákú, ooru káàdì kì í ju 50 lọ. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ 39. Ta ni ooru pa ní 39? Ẹ ò rí i, ara èmi fúnra mi gbóná ju káàdì náà díẹ̀ lọ bí ibà bá mú mi!

Mo gbé ojú sí ìlà iyára. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí káàdì bá ti gbóná dáadáa, iyára rẹ̀ jẹ́ 2025. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí mo fi fáànù kọjú sí i, tí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀, 2088 ni. Èmi ò yí nǹkan kan padà láàárín ọ̀sán àti àárọ̀. GPU Boost ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: bí ooru káàdì ṣe ń gòkè, láti nǹkan bíi 40 lọ, á máa rẹ iyára sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kéékèèké, bíi 13 MHz lẹ́ẹ̀kan, bí ara rẹ̀ bá sì tutù, á gbà wọ́n padà. 150 tí mo fi kún un kò dúró lójú kan, orí àkàbà tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ ni mo gbé e lé. Ọ̀sán ni mo ti dán an wò nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, pẹ̀lú ooru oṣù Kọkànlá nínú yàrá tí kò ní fèrèsé méjì. 2025 ló yege. N kò tíì dán 2088 wò rí, torí mi ò mọ̀ pé ó wà.

Ẹ padà sídìí odó. Ní àárọ̀, apá àwọn tó ń gúnyán ṣì le, wọ́n á fúnra wọn mú ìró odó yá. Mo wá tún ń pàtẹ́wọ́ lé e. Bó bá di ọ̀sán tó ti rẹ̀ wọ́n díẹ̀, àtẹ́wọ́ mi ò tún lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Fáànù tí mo rà, thermal paste tuntun, ìlẹ̀kùn tí mo ṣí: gbogbo ìtọ́jú tí mo ṣe ló ń ti káàdì sún mọ́ etí kòtò.

N kò fẹ́ gba ara mi gbọ́ kíákíá lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà mo dán an wò. Òwúrọ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra, mo pa fáànù, mo ti ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, mo sì jẹ́ kí káàdì fi iyára tí NVIDIA fún un ṣeré Unigine Heaven, ètò ìdánwò káàdì mìíràn, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí ara rẹ̀ fi yá, kí n tó fi 150 mi kún un. Kò dákú lẹ́ẹ̀kan. Lówùúrọ̀ karùn-ún, mo ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọyẹ́, mo fi 150 sí i ní tútù, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú keje, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Mo pariwo "Ẹ̀n-ẹ́n!" débi pé ìyàwó mi sáré wọlé pé ṣé ejò ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ìdajì wákàtí. Nínú Afterburner, bí ẹ bá tẹ Ctrl àti F, àwòrán ìlà kan á yọ, tó fi iyára tó bá voltage kọ̀ọ̀kan mu hàn. Dípò kí n gbé gbogbo ìlà náà sókè, mo mú ojú kan, 1.000 fólítì, mo fi 1974 MHz sí i, mo sì tẹ́ gbogbo ìyókù pẹrẹsẹ, kí iyára má bàa kọjá ibẹ̀ mọ́, bó ti wù kí ara káàdì tutù tó. Àárọ̀ ni mo ṣe é, nígbà tí káàdì tutù, kí n má bàa tún ibi tí mo ti ṣìnà ṣì. Mo dá ìwọ̀n iná padà síbi tí wọ́n ṣe é sí. Ti mẹ́mórì, mo fi sílẹ̀ ní 400. Mo ti gbé e dé 550 rí, kò dákú, àmọ́ fídíò ìdánwò náà pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ṣe GDDR5, irú mẹ́mórì tó wà lórí káàdì yìí, kó lè mọ̀ bí nǹkan tó ń gbé bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kí a lè tún un gbé. Mo sì fura pé ohun tó ń gba àkókò mi nìyẹn. Tiẹ̀ kì í pariwo, díẹ̀díẹ̀ ló ń jalè.

Pẹ̀lú ìlà pẹrẹsẹ yìí, fídíò ìdánwò ń gba ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Ìyẹn ni pé èrè gbogbo làálàá mi, bí mo bá fi wé ti ọjọ́ tí n kò tíì fọwọ́ kàn án, jẹ́ àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan: àwọn wákàtí tí mo lò, data, owó ọkọ̀ lọ sí Arákàlé, fáànù. Mo pa ìṣirò náà tì kí n tó dé ìparí. Mọ́mì ìyàwó gba fídíò rẹ̀, wọ́n sì ní ó dára, pé àwọn kò kàn pọ̀ tó nínú rẹ̀.

Mo padà lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá Arákàlé. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, òtútù ló ń ṣe é." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àbúrò, kọ̀ǹpútà wo lòtútù ń mú ní Àkúrẹ́?"

Ìwé olójú ewé ọgọ́ta náà ṣì wà. Mẹ́rìndínlógún ni mo lò níbẹ̀, ìyàwó mi sì ti gba ìyókù, ó ń kọ orúkọ àwọn tó ra àkàrà láwìn sí i. Níjọ́sí, mo rí i pé ó fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo kọ "5:42, ó dákú, 41, 2088" sí, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìyá onílé, N600, wọn ò tíì san." Àfi lẹ́yìn tí mo pa ìwé náà dé ni mo rántí pé ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ iye tí mo ra káàdì sí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. N kò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.